Òwò Láàárín Orílẹ̀-Èdè Tó Múlé Ti Ara Wọn Lẹ́yìn Ogun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn oníṣòwò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ máa ń bi wá lemọ́lemọ́. A kó wọn jọ síbi kan kí kálukú lè wá tirẹ̀ kàn. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó ló kẹ́yìn.

Kí ló lè mú kí orílẹ̀-èdè méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jagun tán tún máa bára wọn ṣòwò?

Ilẹ̀ kì í ṣí kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá ọ pààlà lánàá náà ni yóò bá ọ pààlà lọ́la, odò kan náà lẹ jọ ń pọn, ọ̀nà tó yá jù lọ sí èbúté sì lè jẹ́ èyí tó gba àárín ìlú ẹni tó bá ọ jà. Bí ẹ bá kọ̀ tí ẹ kò bára yín ra, tí ẹ kò bára yín tà, ẹ̀yin méjèèjì ni ọjà yóò gbówó lórí fún.

Ẹ wo Ṣáínà àti Vietnam. Oṣù Kejì ọdún 1979 ni ọmọ ogun Ṣáínà wọ Vietnam. Ogun náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń yìnbọn síra wọn lẹ́nu ààlà fún ọ̀pọ̀ ọdún. 1991 ni wọ́n tó parí ìjà. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè tí Vietnam ń bá ṣòwò tó Ṣáínà. Wọn kò tíì fẹnu kò lórí omi òkun tó wà láàárín wọn títí di ìsinsìnyí, síbẹ̀ ọkọ̀ ẹrù ń kọjá.

Kí ló máa ń kọ́kọ́ padà?

Oúnjẹ àti ohun tí ilé ń lò. Àwọn obìnrin tó ń gbé iyọ̀, ẹja gbígbẹ, ọṣẹ àti àgbàdo ló máa ń kọ́kọ́ kọjá, ọ̀pọ̀ ìgbà kí ìjọba tó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù á tẹ̀ lé wọn, báǹkì á tẹ̀ lé ọlọ́kọ̀, ilé iṣẹ́ ńlá ló máa ń dé kẹ́yìn. Ẹni tó bá ní àfi kí òun rí ilé iṣẹ́ kí òun tó gbà pé àlàáfíà ti dé, yóò dúró pẹ́.

Ohun tó lè dá gbogbo rẹ̀ dúró ni àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Bí wọn kò bá tíì hú u, oko kò ṣeé ro, ọ̀nà kò ṣeé tún ṣe. Ogun parí ní Mozambique ní 1992, ọdún 2015 ni wọ́n sì tó kéde pé wọ́n ti palẹ̀ àdó olóró mọ́ ní orílẹ̀-èdè náà.

Ṣé ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ síwèé ni òwò máa ń bẹ̀rẹ̀?

Rárá o. A kò tilẹ̀ nílò àpẹẹrẹ òkèèrè fún èyí. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Wọ́n kúrò ní bùdó Kírìjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé gbogbo wọn lọ sílé. Ìbàdàn jókòó sí Ìkìrun nítorí Ìlọrin, ọ̀rọ̀ Ọ̀fà kò yanjú, ti Mọdákẹ́kẹ́ náà wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ kẹ́rù kúrò. 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá.

Ọdún méje nìyẹn láàárín ìwé àti ọ̀nà tó mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ààrẹ méjì bọ ara wọn lọ́wọ́, ẹ rántí Ìkìrun.

Kí ni ogun Kírìjì fi hàn nípa òwò gan-an?

Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni. Ẹ̀tù ìbọn Ìbàdàn gbọ́dọ̀ ti etí òkun wá, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló sì ń ṣí ọ̀nà, àwọn náà ló ń tì í bó ṣe wù wọ́n. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń gba ọ̀nà Oǹdó, èyí tí ìjọba Èkó là ní 1872, nígbà tí òyìnbó Glover ń ṣàkóso Èkó. Ọ̀nà yẹn ni ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tó wà l'Ékòó ń fi ránṣẹ́ gbà dé ojú ogun. Ní gbogbo àkókò yìí, epo pupa kò rọ́nà dé Èkó dáadáa, aṣọ òyìnbó kò rọ́nà gòkè. Ara ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò Èkó fi ń pariwo pé kí wọ́n parí ìjà, tí àwọn òjíṣẹ́ ìjọ méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, sì fi ń gbé iṣẹ́ kiri láàárín bùdó méjèèjì.

Ìwé àdéhùn 1886 gbà pé Èkìtì ti dòmìnira. Àwọn kan ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ iyì nìkan, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ni pẹ̀lú. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wà nílùú, ohun tó bá wù ú ló ń mú. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó bá fẹ́ iṣu Èkìtì gbọ́dọ̀ mú owó wá. Ìgbà tí ẹnì kan lè sọ pé òun ò tà ni òwò tó di òwò.

Ẹ tún wo àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwìn ni wọ́n ń tà. Ẹni tó bá ta àwìn fún ọ ti gbà pé ọ̀nà yóò ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí òun bá padà wá gbowó, àti pé wọn kò ní lé òun nílùú. Ní tèmi, àwìn tí àlejò tà jẹ́ ẹ̀rí àlàáfíà tó ju òǹtẹ̀ gómìnà lọ.

Apá kan tí a kì í fẹ́ sọ: reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì kọjá sí Ìlọrin. Kò ya Èkìtì. Kòkó wa ló ń wá reluwé lọ, reluwé kò wá kòkó wa wá títí di òní. Òmìnira wọ̀ wá lọ́wọ́, ojú irin kò wọ̀ wá lọ́wọ́.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí Faransé àti Jámánì?

Nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bá ara wọn jagun ńlá láàárín 1870 sí 1945, wọn kò sì tún jà mọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1950, Robert Schuman, mínísítà Faransé fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, dábàá pé kí wọ́n kó èédú àti irin orílẹ̀-èdè méjèèjì sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Irin àti èédú ni wọ́n fi ń rọ ìbọn. Bí aládùúgbò bá ń rí gbogbo irin tí ò ń yọ́, o kò lè múra ogun lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1951, orílẹ̀-èdè mẹ́fà fọwọ́ sí i ní Paris: àwọn méjèèjì, Ítálì, Bẹ́ljíọ̀mù, Nẹ́dálándì àti Luxembourg.

Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló ṣe é o. Owó Amẹ́ríkà ti ń wọlé láti 1948, nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là lórí gbogbo ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù. Faransé sì di agbègbè Saar, níbi tí èédú wà, mú títí tó fi padà sọ́wọ́ Jámánì ní 1957.

Ta ló ń san owó ohun tó bàjẹ́?

Ọ̀nà méjì ni mo lè tọ́ka sí. Èkíní ni ti Ìráàkì àti Kùwéètì. Ìráàkì gbógun wọ Kùwéètì ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1990. Lẹ́yìn tí wọ́n lé e jáde, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tó ń yọ lára owó epo Ìráàkì san fún àwọn tó pàdánù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 52.4 dọ́là, àwọn tó gba nínú rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2022 ni wọ́n san èyí tó kẹ́yìn. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ogun ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Èkejì ni ti Jámánì. Ní 1953, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí Jámánì jẹ lówó gé gbèsè rẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì, wọ́n sì fún un ní ọ̀pọ̀ ọdún láti san ìyókù. Wọ́n ti rí ohun tí gbèsè Ogun Àgbáyé Kìíní dá sílẹ̀.

Ní tèmi, ọ̀nà kejì ló ń tètè dá ọjà padà, bó tilẹ̀ ń dun ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé Kùwéètì náà, kí Ìráàkì tó san owó yẹn tán, ló gbàlejò ìpàdé ọdún 2018 níbi tí wọ́n ti ṣèlérí bílíọ̀nù 30 dọ́là láti tún Ìráàkì kọ́ lẹ́yìn ogun mìíràn. Ẹni tí wọ́n jà lólè ló tẹ́ tábìlì yẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín Etiópíà àti Ẹritríà? Ṣebí wọ́n ti parí rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi wá jù, ìdáhùn rẹ̀ sì gùn díẹ̀. Títí di 1997, owó kan náà ni àwọn méjèèjì ń ná, ìyẹn birr, Assab tó jẹ́ èbúté Ẹritríà sì ni ọ̀pọ̀ ẹrù Etiópíà ń gbà wọlé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Ẹritríà gbé owó tirẹ̀ jáde, nakfa. Etiópíà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, owó òkèèrè ni kí àwọn máa fi ra ọjà ńlá lọ́wọ́ ara àwọn. Ọ̀rọ̀ owó di ìbínú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ìjà ààlà bẹ́ sílẹ̀ ní Badme, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì kú. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Algiers ní ìparí ọdún 2000, ṣùgbọ́n bodè kò ṣí.

Ní oṣù Keje ọdún 2018, Abiy Ahmed, olórí ìjọba Etiópíà, àti Isaias Afwerki, ààrẹ Ẹritríà, fọwọ́ síwèé ní Asmara. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe ọdún tuntun Etiópíà, ni wọ́n ṣí bodè Zalambessa àti ti Bure. Àwọn tó ti pínyà láti ogún ọdún ń dì mọ́ ara wọn lójú títì. Ọkà àti sìmẹ́ǹtì ń wọ Ẹritríà, aṣọ àti ẹ̀rọ ń jáde bọ̀. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù, kò sí ìwé ìrìnnà, kò sí ẹni tó sọ iye tí birr kan jẹ́ ní nakfa. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń dá iye rẹ̀, bí màlámù ṣe ń dá iye dọ́là níbí.

Kí ọdún 2018 tó parí, Zalambessa ti tún tì. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹrin ọdún 2019, gbogbo bodè ti padà tì. Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n sì kéde pé Abiy gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. N kò sọ pé kò tọ́ sí i. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá ní ẹrù ní Zalambessa lọ́jọ́ náà kò lè gbé e kọjá.

Bí ọ̀nà bá ti tì rí, ṣé òwò á padà síbẹ̀ nígbà tó bá ṣí?

Kì í fi gbogbo ìgbà padà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Kodifuá ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, reluwé tó ń ti Abidjan lọ sí Ouagadougou dúró fún nǹkan bí ọdún kan. Burkina Faso kò ní òkun. Ló bá yí ẹrù rẹ̀ sí Tema ní Gánà, Lomé ní Tógò àti Cotonou. Reluwé náà tún bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn agbẹ́rùjáde ti mọ ojú ọ̀nà tuntun, wọ́n sì ti ní oníbàárà níbẹ̀. Bákan náà ni Etiópíà ṣe fi Assab sílẹ̀ lọ sí Jìbútì, tí kò sì padà.

Àwa náà mọ̀ ọ́n lára láìsí ogun: Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí Sèmè ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹ bi àwọn tó ń ná ọjà náà bóyá gbogbo oníbàárà wọn ló dúró dè wọ́n.

Nàìjíríà ńkọ́? Àwa náà jagun.

Ogun abẹ́lé ni tiwa, ṣùgbọ́n ó kan àwọn tó múlé tì wá. Ní 1968, Kodifuá, Gabon, Tanzania àti Zambia gba Biafra ní orílẹ̀-èdè. Ogun parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Gowon lè bínú sí Abidjan títí ayé, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti Eyadéma ti Tógò ló bẹ̀rẹ̀ ìrìn tó di ECOWAS, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, Kodifuá sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i l'Ékòó.

Nàìjíríà tún dá owó pọ̀ pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀ láti dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní Onígbólò àti ilé iṣẹ́ ṣúgà ní Sábẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ Yorùbá ni ibi méjèèjì, ẹ lè sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀ láìwá ògbufọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ náà kò rí bí wọ́n ṣe lérò: ìjọba méjèèjì ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nígbà náà, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ wọn bí ẹní ń ṣọ́ owó ara rẹ̀.

Ogun tó jẹ́ pé dáyámọ́ńdì ló ń bọ́ ọ ńkọ́?

Ìyẹn le, torí òwò gan-an ló wà nínú ìjà. Dáyámọ́ńdì Sierra Leone ń gba Làìbéríà jáde, ìbọn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ní 2001, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka dáyámọ́ńdì Làìbéríà léèwọ̀, wọn kò sì mú un kúrò títí di 2007. Láti 2003, dáyámọ́ńdì tí wọn kò tíì gé gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí Kimberley, tó ń fi hàn pé kì í ṣe owó ogun ni, kó tó jáde nílùú. Òwò kan ní láti kú kí òmíràn tó lè wà láàyè.

Èyí tó rọ́pò rẹ̀ kò dán tó dáyámọ́ńdì: okùn iná mànàmáná. Kodifuá, Làìbéríà, Sierra Leone àti Gínì jọ fa okùn iná kan tó gùn tó kìlómítà 1,303, Báǹkì Àgbáyé àti Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà wà lára àwọn tó yá wọn lówó. Ẹni tí iná ilé rẹ̀ ń ti ìlú ẹlòmíràn wá yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó da ìlú náà rú.

Mo ń ta èlùbọ́ àti ìrẹsì Ìgbẹ́mọ. Ṣé mo lè rí ọjà tà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀?

Ẹ lè rí i. Lábẹ́ ètò òwò ECOWAS, ohun ọ̀gbìn tí wọn kò tíì fi ẹ̀rọ sọ di nǹkan mìíràn kò nílò ìwé ẹ̀rí orísun ọjà, kò sì yẹ kí wọ́n gba owó orí lórí rẹ̀. Ohun tí ẹ bá ti ṣe ní ilé iṣẹ́, tí ẹ dì sínú ọ̀rá tó ní orúkọ yín lára, nílò ìwé ẹ̀rí yẹn, NACCIMA, àjọ àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò àti onílé iṣẹ́, ló ń fún ni ní Nàìjíríà. Ẹ tún gba ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí i, torí aṣọ́bodè tó bá ń wá ẹ̀sùn, ibẹ̀ ló ti máa rí i.

Ẹ má kọ́kọ́ gbé owó ńlá dání. Ẹ wá ẹni tó ti wà lọ́jà náà kí ogun tó dé, kí ẹ fún un ní ẹrù kékeré, kí ẹ wo bó ṣe san owó. Kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ iye ibi tí wọ́n ń dá a dúró lọ́nà. Bí iye náà bá ń dín kù lóṣooṣù, nǹkan ń tò nìyẹn.

Bí ìjọba ibẹ̀ bá gba dúkìá mi ńkọ́?

Fún ilé iṣẹ́ ńlá, ọ̀nà wà. MIGA, ẹ̀ka Báǹkì Àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ń ṣe adójútòfò fún olùdókòwò lórí ogun àti lórí ìjọba tó gba dúkìá. ICSID ní Washington sì ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín olùdókòwò àti ìjọba. Fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan, méjèèjì jìnnà ju kí ó ronú kàn án lọ. Tirẹ̀ ni ìwé tó dára, agbẹjọ́rò ìlú náà, àti kí ó má kó gbogbo owó síbẹ̀.

Ṣé òwò lè dá ogun dúró?

Kò lè dá a dúró. Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì ń bára wọn ṣòwò gidigidi nígbà tí ogun 1914 bẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà tí Ẹritríà ń tà sókèèrè, Etiópíà ló ń rà á kí wọ́n tó jà. Ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: gáàsì Rọ́ṣíà ń gba inú ilẹ̀ Ukraine kọjá lọ sí Yúróòpù, pẹ̀lú owó ìkọjá, ní gbogbo ìgbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lé Ukraine lórí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni ìyẹn tó dópin, nígbà tí àdéhùn wọn pé.

Ohun tí òwò lè ṣe ni pé kí ó sọ ogun di ohun ọ̀wọ́n. Èmi kì í dojú kọ iye ọjà tó ń kọjá, mo máa ń wo bí wọ́n ṣe ń yanjú aáwọ̀ ọjà. Faransé àti Jámánì ní ilé ẹjọ́ tí àwọn méjèèjì ń tẹ́tí sí. Etiópíà àti Ẹritríà ní olórí méjì tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ní oko kòkó àti ṣọ́ọ̀bù ní Kodifuá kó tó sá wálé. Ṣé ó lè gbà wọ́n padà?

Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ìlú, bó bá ní ìwé ìyálé tàbí ìwé ilẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ ṣeé rò ní kóòtù ibẹ̀. Kó wá aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ kí ogun tó dé, kí ẹni náà ṣe ẹlẹ́rìí.

Ti oko ló ta kókó. Òfin ilẹ̀ oko tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 1998 sọ pé ọmọ Kodifuá nìkan ló lè ní ilẹ̀ oko. Àlejò lè yá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò lè sọ ọ́ di tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló fún onílẹ̀ lówó àti ọtí lójú àwọn àgbà, tí wọ́n sì rò pé àwọn ti rà á. Lójú òfin yẹn, wọn kò rà á. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín lè ṣe ni kó padà lọ bá ìdílé tó ni ilẹ̀, kí wọ́n jọ kọ ìwé ìyálẹ̀ tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ igi kòkó tó gbìn sínú ìwé náà. Bí ìdílé náà bá ti fi oko náà fún ẹlòmíràn, kí ó má dá nìkan lọ síbẹ̀. Kí ó mú ẹnì kan láti ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ dání.